Ọ́fíìsì wo lọ̀rọ̀ yín kàn? Bí a ṣe ń bá ìjọba káúńtì ṣe nǹkan ní Amẹ́ríkà láìfi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri

Ọdún kẹta tí mo ra ilé ní Texas ni ìwé owó orí ilé dé tí orí mi fò lọ. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo wakọ̀ lọ sí ilé ìjọba káúńtì (káúńtì ni ẹ̀ka tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), mo tò sórí ìlà fún bíi wákàtí kan, mo wá gbé ìwé náà ka iwájú obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Mo ní kó wò ó, ilé mi ò tó iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Kò bínú rárá. Ó ní, "Sà, àwa kàn ń gba owó ni. Àwa kọ́ la díyelé ilé yín." Mo béèrè pé ta wá ni. Ó júwe ọ́fíìsì mìíràn fún mi, ní àdúgbò mìíràn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní àsìkò tí èèyàn lè fi ta ko iye náà ti kọjá láti oṣù karùn-ún. Oṣù kọkànlá la wà.

Mo san owó náà. Ẹ̀kọ́ tí mo fi rà ni mo fẹ́ kọ síbí. Ìjọba káúńtì kì í ṣe ilé ọlọ́gàá kan. Àwọn tó ń díyelé kì í gbowó, àwọn tó ń gbowó kì í ṣòfin, àwọn tó ń ṣòfin kì í tọ́jú ìwé, àwọn tó sì ń tọ́jú ìwé kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Aráàlú ló dìbò yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì wọ̀nyí, kálukú ló jókòó lórí àga tirẹ̀, ẹnì kan ò sì lè pàṣẹ fún ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí "ẹ pe ọ̀gá yín fún mi" kì í fi í ran nǹkan níbẹ̀. Ọ̀gá tí wọ́n bá pè lè máà ní àṣẹ kankan lórí ohun tó ń dùn yín.

Mo fi orúkọ àwọn ọ́fíìsì náà sílẹ̀ bó ṣe wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn, kí ẹ lè dá wọn mọ̀ tí ẹ bá débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rí i dájú pé ti káúńtì ni

Káúńtì tó wà ní Amẹ́ríkà lé ní 3,000. Texas nìkan ní 254, Georgia ní 159, Delaware ní mẹ́ta péré. Orúkọ rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ káúńtì: ní Louisiana, parish ni wọ́n ń pè é, borough ni ní Alaska. Connecticut ti fòpin sí ìjọba káúńtì láti 1960. Lórí máàpù nìkan ni káúńtì rẹ̀ kù sí, kò sí ọ́fíìsì tí ẹ máa lọ. Ní ìlú New York, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹkùn márààrún ló jẹ́ káúńtì lọ́tọ̀ (Brooklyn ni Kings County, Staten Island ni Richmond County), ṣùgbọ́n ìjọba ìlú ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ físà, green card àti dídi ọmọ orílẹ̀-èdè, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, ti ìjọba àpapọ̀ ni bákan náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì Clerk (alákòóso ìwé káúńtì) máa ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Tí ó bá pẹ́ kó tó dé, àwọn tó gba fọ́ọ̀mù yẹn ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Láìsẹnsì ìwakọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Nọ́ńbà mọ́tò ló máa ń da èèyàn lójú rú: ní Texas, ọ́fíìsì Tax Assessor-Collector ti káúńtì lẹ ti máa tún un ṣe, ní Georgia, ọ̀dọ̀ Tax Commissioner ti káúńtì ni, ní California àti Maryland, ọ́fíìsì mọ́tò ti ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é.

Ó wá ku ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú àti káúńtì, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Kí àdírẹ́sì yín máa jẹ́ "Houston" kò túmọ̀ sí pé inú ìlú Houston lẹ ń gbé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fún yín ní orúkọ yẹn, kì í ṣe ìjọba. Ẹgbàágbèje èèyàn ló ń gbé lórí ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ìlú kankan, èyí tí wọ́n ń pè ní unincorporated. Níbẹ̀, káúńtì ni ìjọba tó sún mọ́ yín jù: sheriff (ọ̀gá agbófinró káúńtì) ló ń ṣọ́ àdúgbò, káúńtì ló ń tún ojú títì ṣe. Tó bá jẹ́ inú ìlú lẹ wà, ọlọ́pàá ìlú àti òṣìṣẹ́ ìlú ló ni iṣẹ́ yẹn. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀: ẹ mú ìwé owó orí ilé, ẹ wo gbogbo àwọn tó ń gba owó níbẹ̀. Ẹ máa rí káúńtì, ẹ máa rí ilé ẹ̀kọ́, ẹ lè rí ilé ìwòsàn ìjọba àti omi. Tí orúkọ ìlú ò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ má sí nínú ìlú. Ayálégbé náà lè yẹ̀ ẹ́ wò, torí gbangba ni àkọsílẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ káúńtì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú ìgbìmọ̀ tó ń darí káúńtì yín

Ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn ló wà lókè. Òun ló ń ṣètò ìnáwó, òun ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ kọ́ńtíráàkì, òun náà ló ń pinnu ìwọ̀n owó orí tí káúńtì máa gbà. Orúkọ rẹ̀ ló ń yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ní Texas, Commissioners Court ni: County Judge kan àti kọmíṣọ́nnà mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, ìgbìmọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe ilé ẹjọ́ tí a ń gbé ẹjọ́ lọ. Ní California, Board of Supervisors ni. Èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ń gbé ní Los Angeles County, èèyàn márùn-ún péré ló sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí wọn. Ní ìdìbò oṣù kọkànlá 2024 ni àwọn aráàlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ní Georgia, àwọn káúńtì kékeré kan wà tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ní Montgomery County ní Maryland, County Executive ni olórí, council sì ń ṣòfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lábẹ́ ìgbìmọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ káúńtì gba County Manager tàbí County Administrator síṣẹ́. Wọn ò dìbò yàn án, wọ́n gbà á síṣẹ́ bí a ṣe ń gba òṣìṣẹ́ ni, wọ́n sì lè lé e. Òun ni ẹ̀ka ojú títì, ẹ̀ka ìlera, ẹ̀ka ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ àti ilé ìkàwé ń jábọ̀ fún.

Ohun tó yẹ kí ẹ dì mú níbí kò ju ọ̀kan lọ. Tí ẹ̀ka tó ṣẹ̀ yín bá wà lábẹ́ Manager, ẹ lè fẹjọ́ sùn ún, ẹ sì lè fẹjọ́ sun kọmíṣọ́nnà àgbègbè yín, nǹkan á yí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ sheriff tàbí Clerk tí aráàlú dìbò yàn ni, kọmíṣọ́nnà lè kẹ́dùn pẹ̀lú yín títí ilẹ̀ ó fi ṣú, kò lè pàṣẹ fún wọn. Owó tí wọ́n máa ná nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀dọ̀ Clerk àti Recorder

Clerk ni alákòóso ìwé. Ìwé àṣẹ ìgbéyàwó lèyí tó máa ń kọ́kọ́ gbé wa débẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ti ń bá wàhálà pàdé. Ní Texas, lọ́dọ̀ County Clerk lẹ ti máa gbà á, wákàtí 72 sì gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó lè ṣe ìgbéyàwó. Tí ẹ ò bá ṣe é láàárín 90 ọjọ́, ìwé náà ti kú. Ní California, kò sí dídúró, ẹ lè gbà á láàárọ̀ kí ẹ ṣègbéyàwó lọ́sàn-án. Ní ìpínlẹ̀ New York, wákàtí 24 lẹ máa dúró, Clerk ìlú ló sì ń fúnni, kì í ṣe ti káúńtì. Ní Georgia, Probate Court, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ogún, ló ń fúnni. Nítorí náà, kí ẹ tó pín ìwé ìpè, kí àwọn ẹbí tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ẹ wo òfin ibi tí ẹ ti máa gba ìwé náà.

Ìwé àṣẹ yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, pásítọ̀ tàbí ìmáàmù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà, kó sì padà sí ọ́fíìsì tó ti wá kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Mo mọ tọkọtaya kan tí ìwé tiwọn wà nínú dúrọ́ọ̀ pásítọ̀ fún oṣù méje. Wọn ò mọ̀, àfìgbà tí wọ́n nílò ìwé ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ green card tí Clerk ní òun ò rí orúkọ wọn. Lọ́sẹ̀ kejì ìgbéyàwó, ẹ pe ọ́fíìsì náà, ẹ béèrè bóyá ó ti padà dé. Tó bá ti dé, ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ bíi mẹ́ta, torí fótókọ́pì kì í wúlò fún ohun tó ṣe pàtàkì.

Ẹni tó fẹ́ máa ṣòwò pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, lọ́dọ̀ County Clerk ló ti máa ń fi orúkọ náà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ rántí pé ẹni tó ni orúkọ nìkan nìyẹn ń fi hàn. Kò sọ ilé iṣẹ́ yín di kọ́ńpìnnì, kò sì dáàbò bo ilé tí ẹ ń gbé bí oníbàárà bá pè yín lẹ́jọ́. Ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ ti ń fi kọ́ńpìnnì sílẹ̀.

Ohun mìíràn tí Clerk ń ṣe ni kó jẹ́rìí sí ọwọ́ notary, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé. Tí ẹ bá fẹ́ fi ìwé agbára ránṣẹ́ sílé láti ìpínlẹ̀ New York, kí ẹni kan lè bá yín ta ilẹ̀ tàbí bójú tó ilé, òǹtẹ̀ notary nìkan ò tó. County Clerk máa kọ́kọ́ jẹ́rìí pé notary yẹn jẹ́ ojúlówó, kí ìwé náà tó lè dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fo Clerk, wọ́n á dá a padà láti òkè.

Ní Texas, District Clerk tún wà lọ́tọ̀, ìwé ẹjọ́ ńlá, ti ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú, ló ń tọ́jú. Orúkọ àwọn méjèèjì jọra, ọ́fíìsì wọn ò jọra.

Recorder ni a máa kàn, tàbí Register of Deeds. Ní ibòmíràn, Clerk kan náà ló ń ṣe é. Ìwé ilé, ìwé gbèsè tó wà lórí ilé, àti ìwé tó fi hàn pé gbèsè náà ti tán, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: Recorder kì í wádìí. Tí ìwé náà bá ní ọwọ́ notary, tí owó rẹ̀ pé, tí etí ìwé náà gba òǹtẹ̀, ó máa gbà á. Ìdí nìyẹn tí gbájúẹ̀ fi lè kọ ìwé èké pé ẹ ti ta ilé yín fún òun, kí ó sì wọlé sínú àkọsílẹ̀ láìsí ẹni tó pè yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ọ̀pọ̀ káúńtì ní ètò ìkìlọ̀ ọ̀fẹ́, ẹ fi orúkọ yín sí i, tí ìwé kankan bá wọlé ní orúkọ yẹn, wọ́n á fi í-meèlì ránṣẹ́ sí yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ fi ti àwọn òbí yín tó dàgbà náà sí i, torí ilé tí kò ní gbèsè lórí mọ́ ni àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn jù.

Tí lẹ́tà kan bá dé lẹ́yìn tí ẹ ra ilé, tó dà bí ti ìjọba, tó ní kí ẹ san owó gọbọi kí ẹ tó lè gba ẹ̀dà ìwé ilé yín, oníṣòwò lẹni yẹn. Owó kékeré lọ́dọ̀ Recorder ni ẹ̀dà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Owó orí ilé, níbi tí ọwọ́ ti pọ̀

Ibí ni mo ti fi owó kọ́gbọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra rìn.

Ọwọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń díyelé, ẹnì kan ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí iye náà, àwọn kan ń pinnu ìwọ̀n tí wọ́n máa gbà lórí rẹ̀, ẹnì kan ń gbowó. Ní Cook County, níbi tí Chicago wà, ẹ lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kedere. Assessor ló ń díyelé, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló sì ń yí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ká. Board of Review ń gbọ́ ẹ̀sùn. Clerk ló ń fi ohun tí ilé ẹ̀kọ́, ìlú àtàwọn yòókù ní àwọn nílò ṣírò ìwọ̀n owó orí. Treasurer ló wá ń kọ ìwé owó ránṣẹ́. Ẹni tó bá lọ bá Treasurer jà lórí iye ilé, ẹni tó gbé ìwé wá ló ń bá jà, kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé.

Ní Texas, ẹni tó ń díyelé ò tilẹ̀ sí nínú ìjọba káúńtì rárá. Appraisal District ni, àjọ tó dá dúró. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹrin, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe ìwé owó. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti rí gbólóhùn yẹn, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, tàbí 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, èyí tó bá kẹ́yìn, ni ìlẹ̀kùn ẹ̀sùn ń tì. Nígbà tí ìwé owó máa fi dé ní ìparí ọdún, ilẹ̀ ti ṣú. Owó náà gbọ́dọ̀ ti wọlé kí oṣù kìíní tó parí.

Ní Georgia, Board of Tax Assessors ló ń díyelé, ọjọ́ 45 lẹ ní láti ta kò ó. Ní Maryland, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń díyelé, lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, káúńtì kàn ń fi ìwé owó ránṣẹ́ ni. Nítorí náà ẹni tó bá gbé ẹ̀sùn iye ilé lọ sí káúńtì ní Maryland ti ṣìnà wọ ilé onílé. Ní California, òfin tí aráàlú dìbò fún ní 1978, tí wọ́n ń pè ní Proposition 13, ló dè é mọ́lẹ̀: iye tí ẹ fi ra ilé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 2 nínú 100 lọ sókè lọ́dún títí ilé fi máa pààrọ̀ ọwọ́. Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ra ilé níbẹ̀, ẹ máa retí ìwé owó kejì tí ẹ ò rò tẹ́lẹ̀, supplemental tax bill, tó ń gba ìyàtọ̀ láàárín iye àtijọ́ àti iye tuntun. Báńkì tó yá yín lówó kì í sábà san án fún yín. Ó ti ba ọdún kìíní jẹ́ fún ọ̀pọ̀ onílé.

Bí ẹ ṣe máa ta ko iye ilé rèé. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àkọsílẹ̀ ilé yín jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ yẹ ohun tí wọ́n rò pé ẹ ní wò: ìwọ̀n ilé, iye ilé ìwẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ka gáréèjì mọ́ yàrá. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ìjà ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ wá ilé mẹ́ta sí márùn-ún tó jọ tiyín ládùúgbò, ẹ wo iye tí wọ́n dá lé wọn. Texas gbà yín láàyè láti sọ pé wọ́n díyelé yín ju ẹgbẹ́ yín lọ, kódà tí ẹ ò bá mọ iye tí ẹnikẹ́ni ta ilé. Ẹ ya fọ́tò òrùlé tó ń jò, ìpìlẹ̀ tó là, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó sọ iye tí àtúnṣe máa ná yín. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀sùn náà. Òṣìṣẹ́ kan máa kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ ò bá gbà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ máa jókòó níwájú Appraisal Review Board, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn. Níbẹ̀, ẹ má sọ pé owó orí pọ̀ jù. Wọn ò ní àṣẹ lórí owó orí, wọ́n á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Iye ilé nìkan ni kẹ́ ẹ máa sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìwọ̀n owó orí jà, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń pinnu rẹ̀ ni kó lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò ìnáwó, ní ìparí ìgbà ooru.

Ẹ̀dínwó tún wà fún ilé tí ẹ fúnra yín ń gbé, wọ́n ń pè é ní homestead exemption. Ọmọ tó bá káwọ́ sókè ló fẹ́ ká gbé òun: tí ẹ ò bá béèrè, wọn kì í sábà fún yín. Ní Texas, Appraisal District lẹ ti ń béèrè rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tún ń dí iye tí wọ́n ń fi lé owó orí lọ́wọ́ kó má fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ sókè lọ́dún. Ní Georgia, gbèdéke wà fún un. Lẹ́tà tó ní kí ẹ san owó kí àwọn bá yín béèrè ẹ̀dínwó yìí, ẹ ju ú sí ibi tí ẹ ju ti ẹ̀dà ìwé ilé sí.

Tí apá ò bá wá ká a ńkọ́? Ẹ má sá. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gbowó kí ọjọ́ tó kọjá, ọ̀pọ̀ wọn ní ètò sísan díẹ̀díẹ̀, tí wọn kì í pariwo rẹ̀. Tí gbèsè náà bá pẹ́, káúńtì lè ta ilé. Ní Minnesota, Hennepin County gba ilé arábìnrin Geraldine Tyler nítorí gbèsè tó tó $15,000, wọ́n tà á ní $40,000, wọ́n sì kó $25,000 tó ṣẹ́ kù mọ́lẹ̀. Ó tó ẹni ọdún 94 nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá a láre ní oṣù karùn-ún 2023. Gbogbo àwọn adájọ́ náà ló fẹnu kò pé káúńtì ò gbọdọ̀ gba ju gbèsè rẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti ta ilé ẹnì kan tí ẹ mọ̀ nítorí owó orí, kó béèrè ohun tó ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Sheriff, olùpẹjọ́, àti ọ̀rọ̀ òkú

Iṣẹ́ sheriff kọjá ọlọ́pàá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òun ló ń ṣọ́ àtìmọ́lé káúńtì, òun ló ń mú ìwé ìpè ilé ẹjọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà, òun náà ló ń lé ayálégbé jáde nígbà tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i. Onílé tó bá fúnra rẹ̀ kó ẹrù yín síta láìsí àṣẹ adájọ́ ti rú òfin. Ní Prince George's County àti Montgomery County ní Maryland, àwọn ọlọ́pàá káúńtì wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ sheriff níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá pè yín pé sheriff lòun, pé ẹ ò yọjú sí júrì (àwọn aráàlú tí ilé ẹjọ́ ń pè wá dá ẹjọ́), pé kí ẹ fi káàdì ẹ̀bùn tàbí bítíkọ́ìnì san owó ìtanràn kí àwọn má bàa mú yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Sheriff kankan kì í gbowó báyẹn.

District Attorney ló ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn lórúkọ ìjọba. Bí wọ́n bá jà yín lólè, òun ló máa pinnu bóyá kí ẹjọ́ náà máa lọ. Ẹ lè sọ èrò yín, àmọ́ ẹ ò lè "fa ẹjọ́ yọ" bí ẹni pé tiyín ni. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí kò lówó agbẹjọ́rò, Public Defender tàbí agbẹjọ́rò tí ilé ẹjọ́ yàn ló máa gbẹjọ́ rẹ̀ rò, láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá ẹjọ́ Gideon ní 1963. Fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, kó sọ fún agbẹjọ́rò náà lọ́jọ́ kìíní, torí "mo jẹ̀bi" tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré nílé ẹjọ́ lè di ọ̀rọ̀ ńlá níwájú àwọn tó ń rí sí ìwé ìgbélùú.

Ikú òjijì, ikú ìjàǹbá, ikú tí dókítà ò lè ṣàlàyé, ọ̀dọ̀ Medical Examiner tàbí Coroner lòkú ń lọ. Dókítà ni Medical Examiner. Ní ọ̀pọ̀ ibi, Coroner jẹ́ ẹni tí wọ́n dìbò yàn, kò sì pọn dandan kó jẹ́ dókítà. Ní àwọn káúńtì kékeré ní Texas, adájọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní Justice of the Peace ló ń ṣe é. Tí ẹbí bá fẹ́ gbé òkú lọ sílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kìíní ìgbà tí wọ́n máa yọ̀ǹda òkú, nítorí ìyọ̀ǹda yàtọ̀ sí èsì àyẹ̀wò. Òkú lè jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì kọ "pending" (èsì ò tíì dé) síbi ohun tó pa á lórí ìwé ẹ̀rí ikú, èsì á sì pẹ́ kó tó dé. Ilé iṣẹ́ ìsìnkú lè bẹ̀rẹ̀ ètò ìrìn àjò pẹ̀lú ìyẹn. Àwọn tó ń san owó ìbánigbófò ló sábà máa ń ní àwọn máa dúró de èsì. Bí ẹbí bá ní ìdí ẹ̀sìn tí wọn ò fi fẹ́ kí wọ́n la òkú, kí wọ́n tètè sọ ọ́, kí wọ́n sì sọ ọ́ sórí ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìdìbò àti júrì, ẹ fara balẹ̀

Ọ́fíìsì ìdìbò lè jẹ́ ti Clerk, ó lè jẹ́ Registrar of Voters, ó lè dá dúró. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ní green card kò lè ṣe é, ì báà pé 20 ọdún tó ti dé. Ewu rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ lè bi yín nígbà tí ẹ ń gba láìsẹnsì bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì dáhùn "yes" láìronú. Láti 1996 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè dìbò nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé èèyàn kúrò ní Amẹ́ríkà.

Ìwé júrì máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tọ́ sí, torí inú àkọsílẹ̀ láìsẹnsì ni wọ́n ti ń mú orúkọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ má jù ú nù. Ẹ fi àmì síbi tí ẹ ti máa sọ pé ẹ kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ dá a padà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè, kó má parọ́ pé òun ò tíì dà á kó lè sá fún júrì: ní Texas, ọ́fíìsì ìdìbò máa rí ohun tó kọ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Kí ẹ tó kúrò nílé, àti tí wọn ò bá dá yín lóhùn

Ẹ pè wọ́n ná. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ọ́fíìsì yín ló ń ṣe nǹkan báyìí, ìwé wo ni kí n mú wá, irú owó wo lẹ ń gbà? Àwọn kan ò gba ṣẹ́ẹ̀kì ara ẹni. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ náà. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá dání, kí ẹ sì rí i pé orúkọ orí rẹ̀ bá ti orí ìwé yòókù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ wa gùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń gé e níbi tó wù wọ́n.

Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ lẹ́tà béèrè fún àkọsílẹ̀. Òfin FOIA tí gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ, èyí tó fún èèyàn láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ fún káúńtì. Ní Texas, Public Information Act ni. Ní California, Public Records Act ni, ọjọ́ 10 sì ni ọ́fíìsì ní láti sọ bóyá àwọn máa fún yín tàbí àwọn ò ní fún yín. Ẹ sọ ìwé tí ẹ fẹ́ ní pàtó, àti ọjọ́ tó ti wáyé. "Gbogbo ohun tí ẹ ní nípa títì wa" máa gba oṣù mẹ́ta. "Ìwé iṣẹ́ àtúnṣe títì yìí láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà" lè dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ní California, òfin Brown Act ti 1953 ló ní kí wọ́n lẹ àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò síta ní wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé. Wọ́n sábà máa ń fún olùsọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ẹ sọ àdírẹ́sì títì náà àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Wọn ò ní dá yín lóhùn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ òfin ò tilẹ̀ gbà wọ́n láàyè láti bá yín jíròrò ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọmíṣọ́nnà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ ń bá sọ̀rọ̀ gan-an. Tí ẹ bá ti jókòó tán, ó máa dìde wá bá yín, á béèrè nọ́ńbà fóònù yín.

Ní ti ilé mi, nígbà tí lẹ́tà dé ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, mi ò lọ sọ́dọ̀ obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì mọ́. Mo kó fọ́tò òrùlé àti iye tí wọ́n dá lé ilé mẹ́rin ládùúgbò wa sínú fáìlì kan, mo gbé e lọ sí Appraisal District. Ọ̀rọ̀ náà ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.